Wáàtì Kọ́ Ni Ìmọ́lẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Gílóòbù LED

Ẹran ni ọ̀pọ̀ ará Enugu mọ ọjà Artisan mọ́. Ewúrẹ́ àti màlúù ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alápatà kò ní torí pé oòrùn wọ̀ kó da ẹran tó kù nù. Iná ni wọ́n fi ń tajà ìrọ̀lẹ́. Níbi tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá wà ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ Enugu, ì báà jẹ́ Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹni tó ń ta gílóòbù LED kì í jìnnà síbẹ̀, ìbéèrè kan náà sì ni oníbàárà máa ń bi í: "Wáàtì mélòó ni?"

Ìbéèrè àtijọ́ nìyẹn. Láyé gílóòbù tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń pọ́n yòò, wáàtì tó láti fi ra iná, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè mú gílóòbù wáàtì 60 tirẹ̀ tàn ju ti ẹlòmíì lọ lọ́nà tó pọ̀. Gbogbo wọn ń mú nǹkan bíi lumen 700 sí 800 jáde, èyí tó kù nínú iná tí wọ́n ń jẹ sì ń di ooru. LED ló ba ìṣirò náà jẹ́. Gílóòbù wáàtì 9 kan lè mú lumen 800 jáde, kí èkejì tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí wáàtì 9 wà lára páálí tirẹ̀ náà, má ju 500 lọ. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Wáàtì ni iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Lumen ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Oní-wáàtì 9 méjèèjì jẹ iye kan náà, ọ̀kan ló ṣiṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ibo wá ni lumen inú páálí náà ti wá? Ta ló wọ̀n ọ́n, kí ló sì fi wọ̀n ọ́n?

Ohun tó mú wíwọn ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí wíwọn gígùn tàbí ìwúwo ni pé ojú ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Agbára tó ń jáde lára gílóòbù ṣeé fi ẹ̀rọ wọ̀n láì sí ènìyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò gba gbogbo àwọ̀ bákan náà. Àwọ̀ ewé tó ń sún mọ́ yẹ́lò, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nanomita 555, ni ojú wa ń rí dáadáa jù lọ́sàn-án. Pupa àti búlúù tí agbára wọn tó tirẹ̀ gan-an yóò dà bí ẹni pé wọn kò tó nǹkan. Ní ọdún 1924 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, CIE, fẹnu kò lórí àtẹ kan tó sọ bí ojú ènìyàn ṣe ń gba àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ìdánwò ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ. Àtẹ náà ṣì wà nínú gbogbo ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ títí dòní. Ní 1979, ìpàdé àgbáyé lórí òṣùwọ̀n fi ìdí candela, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí lumen ti ń jáde, múlẹ̀ lórí àwọ̀ ewé yẹn: wáàtì kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lumen 683.

Iye yẹn wúlò fún ẹni tó ń rajà. Kò sí gílóòbù onímọ́lẹ̀ funfun tó lè dé 683, nítorí pé funfun gbọ́dọ̀ ní pupa àti búlúù nínú, àwọn tí ojú kò kà sí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Philips gbé gílóòbù tí wọ́n ń pè ní Dubai Lamp jáde ní 2016, ohun tí wọ́n fi yangàn ni lumen 200 fún wáàtì kan, ìyàlẹ́nu sì ni nígbà náà. Ọ̀pọ̀ LED tó wà lórí àtẹ lọ́dọ̀ wa wà láàárín 80 sí 110. Nítorí náà, bí páálí bá sọ wáàtì 5 àti lumen 1,500, ẹ pín èkejì fún àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò wọn nǹkan kan.

Àwọn kan ti ń fi fóònù wọn iná. Wọ́n á gba áàpù, wọ́n á gbé fóònù sábẹ́ gílóòbù, nọ́ńbà á jáde, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Lux ni fóònù náà ń sọ, kì í ṣe lumen. Lux ni iye ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan níbi tí ẹ gbé e sí. Ẹ sún fóònù náà mọ́ gílóòbù dé ìdajì ọ̀nà, nọ́ńbà náà lè di ìlọ́po mẹ́rin, gílóòbù kò sì yí padà. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí kò ju lumen 100 lọ lè mú kí nọ́ńbà fóònù yìí ga ju ti gílóòbù lumen 800 lọ, nítorí pé ojú kan ni tọ́ọ̀ṣì da gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí. LED tiẹ̀ tún lẹ́tàn jù níbí: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìdí wọn jẹ́ ike tàbí irin tí ìmọ́lẹ̀ kò gbà kọjá, iwájú nìkan ni wọ́n ń tàn sí. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní iwájú yóò rò pé ó tàn ju bó ṣe tàn lọ.

Kí a tó lè mọ lumen, a gbọ́dọ̀ kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, níwájú, lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́, sínú ìṣirò kan ṣoṣo. Ìlànà rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí W. E. Sumpner, ará England, ṣe ní 1892. Richard Ulbricht, ẹnjiníà kan ní Dresden ní Jámánì, ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ gidi ní nǹkan bí 1900, títí dòní sì ni àwọn ará Jámánì ń fi orúkọ rẹ̀ pe irinṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀lù tó ṣófo nínú ni. Òmíràn kò ju orí ènìyàn lọ, òmíràn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà funfun tí kì í dán, tí barium sulfate sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kun inú rẹ̀. Àìdán yẹn ṣe pàtàkì bí funfun rẹ̀. Ohun tó ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà kan. Funfun tí kò dán máa ń tú u ká síbi gbogbo.

Wọ́n á gbé gílóòbù náà sí àárín bọ́ọ̀lù, wọ́n á tì í, wọ́n á tan iná. Ìmọ́lẹ̀ á lu ògiri, á ta padà, á tún lu ògiri kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, títí kò fi ní sí ibi kan lára ògiri náà tó mọ́lẹ̀ ju ibòmíì lọ. Nígbà náà, kò já mọ́ nǹkan mọ́ bóyá iwájú ni gílóòbù náà tàn sí tàbí ẹ̀yìn. Ojú ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ihò kan lára ògiri, àwo kékeré kan sì dúró láàárín òun àti gílóòbù kó má bàa rí i ní tààrà. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ta sí ògiri nìkan ló gbọ́dọ̀ rí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù náà kò lè dá sọ lumen. Ìfiwéra ló ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé àtùpà kan tí a ti mọ lumen rẹ̀, ìyẹn àtùpà àwòkọ́ṣe, sínú rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí ẹ̀rọ náà sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé gílóòbù tí a kò mọ̀ síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá sọ ìdajì ti àkọ́kọ́, ìdajì lumen rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gílóòbù tí a gbé sínú bọ́ọ̀lù ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí ara rẹ̀ bá dúdú, tàbí tó ní irin ńlá tó ń lé ooru jáde, yóò gbé èyí tó pọ̀ mì ju àtùpà àwòkọ́ṣe tó jẹ́ gíláàsì lásán lọ, a ó sì sọ pé kò tàn tó bó ṣe tàn. Láti tún un ṣe, wọ́n á fi àtùpà kékeré kan sínú bọ́ọ̀lù náà títí ayé, wọ́n á sì wo bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dínkù nígbà tí àtùpà àwòkọ́ṣe wà níbẹ̀ àti nígbà tí gílóòbù wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà ni wọ́n fi ń ṣàtúnṣe nọ́ńbà náà. Títóbi bọ́ọ̀lù tún ṣe pàtàkì. LED gbọọrọ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin nílò bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà méjì. Ẹni tó ní bọ́ọ̀lù kékeré tó ní òun ń wọn iná òpópónà, ẹ bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀ kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀.

Fún iná òpópónà, ẹ̀rọ mìíràn ló yẹ, goniophotometer. Nínú yàrá tí wọ́n kùn ní dúdú, ẹ̀rọ náà á máa yí iná náà, tàbí kó máa yí ojú ẹ̀rọ tàbí dígí yí i ká, á máa ka bó ṣe tàn sí ìhà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó pẹ́ ju bọ́ọ̀lù lọ, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí bọ́ọ̀lù kò lè sọ: ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ. Iná òpópónà tó ń tàn sí ojú ọ̀run kò wúlò fún ẹni tó ń rìn nílẹ̀.

Ní 2008 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, IES, gbé ìlànà LM-79 jáde, èyí tó jẹ́ ti LED nìkan. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń wọn gílóòbù lọ́tọ̀, wọ́n á wọn ilé tí wọ́n ń fi í sí lọ́tọ̀. LED kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: ojú tó ń tàn, irin tó ń lé ooru àti ẹ̀rọ kékeré tó ń bọ́ ọ ní iná ti di ara kan. Gbogbo rẹ̀ lódindi ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n, bí oníbàárà ṣe rà á. Ìlànà náà ní kí yàrá náà wà ní ìwọ̀n ooru 25 lórí Celsius, kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i, kí gílóòbù dúró bí yóò ṣe dúró nílé, kí fóltéèjì sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. LED tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ń tàn ju èyí tó ti gbóná lọ. Ó lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó fara balẹ̀. Ìlànà ti 2008 náà ní kí wọ́n ka iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ìyàtọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò bá tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti yanjú. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ wú kò nílò ẹ̀rọ èké. Kó sáà ti wọ̀n ọ́n ní kété tó tan iná.

Nọ́ńbà tí wọ́n bá rí lọ́nà tó tọ́ yìí ṣì jẹ́ ti yàrá tó tutù tí fóltéèjì rẹ̀ dúró ṣinṣin. Gílóòbù tí wọ́n há sínú ìdérí gíláàsì lábẹ́ òrùlé páànù kì í gbé ní ìwọ̀n 25. Bó bá ṣe gbóná tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dínkù tó. Fóltéèjì tiwa, tó yẹ kó jẹ́ 230, kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 230. LED tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ dára kò ní jẹ́ kí ìyẹn hàn lójú ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú ṣe yóò máa rọ̀ bí iná ṣe ń rọ̀. Àwọn méjèèjì lè ní lumen kan náà nínú ìwé ìdánwò, nítorí pé fóltéèjì kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán wọn wò. Mo rò pé èyí ni àlàfo tó tóbi jù nínú ìwé ìdánwò fún ẹni tó ń gbé nílẹ̀ wa.

LED tún gbé ìṣòro àwọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ LED funfun jẹ́ búlúù nísàlẹ̀: ojú búlúù kan ló ń tàn, èròjà yẹ́lò tí wọ́n dà bò ó sì ń yí apá kan rẹ̀ padà títí àpapọ̀ wọn fi di funfun. Àwárí LED búlúù náà ló mú ẹ̀bùn Nobel wá fún Akasaki, Amano àti Nakamura ní 2014. Àwọn ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ àtijọ́ ń lo gíláàsì aláwọ̀ láti fara wé ojú ènìyàn, gíláàsì náà kì í sì í sábà pé ní ìhà búlúù. Lábẹ́ gílóòbù àtijọ́ tí búlúù rẹ̀ kò tó nǹkan, àṣìṣe náà kò hàn. Lábẹ́ LED, ó hàn. Ìdí nìyẹn tí ilé ìdánwò òde òní fi ń lo ẹ̀rọ tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi àtẹ 1924 ṣírò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtùpà àwòkọ́ṣe, nítorí òun ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń fi kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ta gààrí kò ní láti purọ́ fún oníbàárà. Kóńgò ti bá a purọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìdánwò tí àtùpà rẹ̀ kò péye. Àtùpà náà gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ga ju ilé ìdánwò lọ wá, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń pa òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè mọ́: PTB ní Jámánì, NIST ní Amẹ́ríkà, NPL ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NMISA ní Gúúsù Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, Enugu gan-an ni SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, gbé National Metrology Institute kalẹ̀ sí, UNIDO, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ilé-iṣẹ́, àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ìlú kan náà ni alápatà Artisan àti ilé òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè wà. Láti 2005 sì ni SON ti ní ètò SONCAP, tó ní kí ọ̀pọ̀ ọjà tó ń bọ̀ láti òkè òkun ti gba ìdánwò kí ó tó wọlé.

Iná oòrùn náà ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé àti IFC tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Lighting Africa ní 2007, ayédèrú àtùpà oòrùn ti fẹ́ ba orúkọ àwọn tó dára jẹ́. Ètò náà sọ ìwọ̀n lumen, wákàtí tí bátìrì ń lò àti òótọ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí di ìdánwò tí ọjà gbọ́dọ̀ yege, wọ́n sì fàyè gba ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré fún àwọn ilé ìdánwò tí kò ní bọ́ọ̀lù ńlá. Mo fẹ́ràn ètò yẹn nítorí pé ó wọ ohun tí páálí sọ àti ohun tí àtùpà ṣe pa pọ̀.

Ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù lè lo ọgbọ́n tí Robert Bunsen, ará Jámánì, fi sílẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ mú bébà funfun, ẹ kán òróró díẹ̀ sí àárín rẹ̀, ẹ nù ún. Ẹ jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ gbé gílóòbù tí ẹ gbà gbọ́ sí ìpẹ̀kun tábìlì gígùn kan, kẹ́ ẹ gbé èyí tí ẹ ń dán wò sí ìpẹ̀kun kejì. Kí àwọn méjèèjì jọ ara wọn ní ìrísí àti àwọ̀, nítorí pé ìhà kan ṣoṣo lẹ ń wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé bébà náà lọ bọ̀ láàárín wọn. Níbi tí àpá òróró bá ti fẹ́ pòórá, ìmọ́lẹ̀ tó ń lu bébà ní ìhà méjèèjì dọ́gba. Ẹ wọn ọ̀nà tó wà láàárín bébà àti gílóòbù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀. Bí gílóòbù lumen 800 bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí èkejì wà ní 80, 14,400 àti 6,400 ni, àkọ́kọ́ sì tàn ní ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin èkejì. Èkejì kò ju nǹkan bíi lumen 355 lọ, ohunkóhun tí páálí rẹ̀ ì báà sọ.

Ní ti ọjọ́ orí, páálí fẹ́ràn wákàtí 50,000. Ìyẹn ju ọdún márùn-ún ààbọ̀ lọ láìpa iná rárá, kò sì sẹ́ni tó jókòó ti gílóòbù náà fún ọdún márùn-ún. Ìlànà LM-80 ti IES ní kí wọ́n tan àwọn ojú LED fún wákàtí 6,000 ó kéré tán, TM-21 ti 2011 sì sọ bí wọ́n ṣe lè fi ìyẹn ṣírò ọjọ́ iwájú, kò sì gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà àkókò ìdánwò lọ. Ẹni tó dán an wò fún wákàtí 6,000 kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ ju 36,000 lọ. Òpin tí wọ́n ń wí náà kì í ṣe ìgbà tó kú, ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kù sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ojú LED nìkan sì ni LM-80 ń wọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń bọ́ ọ, tó sábà máa ń kọ́kọ́ jó, kò sí nínú rẹ̀.

Alápatà tiẹ̀ ní ohun kan tí lumen kò lè sọ fún un. Gílóòbù méjì lè ní lumen kan náà, kí ẹran sì pọ́n lábẹ́ ọ̀kan, kí ó rí bí èyí tó ti sùn mọ́jú lábẹ́ èkejì. Pupa ni LED olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ṣaláìní, nítorí pé pupa kò fi bẹ́ẹ̀ mú lumen wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń lé nọ́ńbà ńlá á yọ ọ́ sílẹ̀. CRI tó wà lára páálí, tó ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí, jẹ́ ìpíndọ́gba àwọ̀ mẹ́jọ tí pupa gidi kò sí nínú wọn. R9 ni orúkọ ìwọ̀n pupa yẹn, ìwé ìdánwò tó kún sì máa ń ní in.

Tí ẹ bá tún dé iwájú àtẹ, ẹ fi wáàtì sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó iná. Ẹ bèèrè lumen, ẹ pín in fún wáàtì, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó kó ọjà wọlé bóyá ó ní ìwé ìdánwò LM-79. Ẹ̀yin SON náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ra gílóòbù látinú ọjà bí oníbàárà ṣe ń rà á, ẹ dán an wò ní fóltéèjì 180 àti ní 230, kẹ́ ẹ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan.